Òpó Kan Tí Wọ́n Yọ: Àyẹ̀wò Benz V-boot Onílẹ̀kùn Méjì

Ọkọ̀ tó bá ti mọ́ wa lára nílẹ̀ yìí, a kì í fi nọ́ńbà pè é mọ́, orúkọ ni a máa ń sọ ọ́. Mercedes-Benz tí àwọn Jámánì tó ṣe é ń pè ní W124, èyí tó jáde ní ìparí ọdún 1984, V-boot ni a mọ̀ ọ́n sí ní tiwa, nítorí ìdérí búùtù rẹ̀ tó fẹ̀ lókè tó sì ń fún bọ̀ nísàlẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà. N kò rò pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ náà mọ̀ pé ọgbọ́n onímọ̀ ẹ̀rọ ni òun ń yìn. Wọ́n gé ìdérí yẹn wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹni tó ń kó ẹrù má baà gbé e ga jù kí ó tó rí i kó wọlé, òun náà ló sì wá di ẹwà tí ọmọdé fi ń dá ọkọ̀ náà mọ̀ láti òkèèrè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ohun tó wúlò àti ohun tó rẹwà bára mu láìsí ìjà bẹ́ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́ àbúrò V-boot náà, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí àwọn onímọ́tò ń pè ní kúpè, níbi tí ìjà wà gan-an. 300 CE ni, ẹ̀gbọ́n mi kan ló rà á ní tòkunbọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Ìbàdàn nígbà tó rin ìrìn-àjò. Ní Geneva, nílẹ̀ Switzerland, ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ hàn ní ọdún 1987, lábẹ́ Bruno Sacco, ọmọ Ítálì tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ayàwòrán ọkọ̀ Mercedes láti ọdún 1975 títí di 1999, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1996. Owó rẹ̀ ju ti onílẹ̀kùn mẹ́rin lọ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ dín ní méjì, àyè inú rẹ̀ sì kéré sí i. Mo wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tí ẹni tó ń wá ẹwà àti ẹni tó ń wá kí irin dúró ṣinṣin bá jọ jókòó ti iṣẹ́ kan, ta ni ń san gbèsè ohun tí wọ́n fi ta ara wọn lọ́rẹ?

Ẹ kọ́kọ́ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ V-boot onílẹ̀kùn mẹ́rin. Òpó irin mẹ́ta ló gbé òrùlé rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì iwájú, ọ̀kan láàárín ilẹ̀kùn méjèèjì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Lára onílẹ̀kùn méjì yìí, òpó àárín kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo wọn yóò wọlẹ̀ pátá, ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yóò sì ṣí sílẹ̀ gbayawu láti ibi dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn títí dé èjìká ẹni tó jókòó lẹ́yìn, òrùlé á wá dà bí ohun tí wọ́n gbé lé afẹ́fẹ́. Mo ṣe é bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Bódìjà, níbi tí mo dúró sí láti ra gúgúrú. Ọmọkùnrin tó ń tà á kò kọ́kọ́ gbé ọjà fún mi. Ó ki ọwọ́ bọ ibi tí òpó ì bá wà, ó mi ọwọ́ náà síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń wá okùn nínú òkùnkùn, ó fà á padà, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló gbé òkè yìí dúró?”

Ìbéèrè tí wọ́n ti ní láti dáhùn ní iléeṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ irin kankan ni ọmọ yẹn bi mí. Òpó àárín ní iṣẹ́ mẹ́rin, ó kéré tán. Òun ló ń gba òrùlé mú bí ọkọ̀ bá dojú dé; òun ló ń kọ́kọ́ gba ìyà bí ọkọ̀ mìíràn bá kọlù wá láti ẹ̀gbẹ́; òun ló so ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́ òrùlé kí ara ọkọ̀ má baà lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún nígbàkígbà tí táyà kan bá wọ kòtò; ara rẹ̀ sì ni wọ́n ń so bẹ́líìtì ìjókòó mọ́. Ayàwòrán ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, onímọ̀ ẹ̀rọ gbà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà ṣì wà nílẹ̀ tí ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ṣe. Nítorí náà wọ́n fi irin tó le sí irin gígùn tó wà nísàlẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn, wọ́n ki òpó iwájú, wọ́n sì fún ilẹ̀kùn ní egungun tó lágbára. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ ọ́n lára láìdé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ gbé ọkọ̀ náà sí orí gẹ̀rẹ́, kí imú rẹ̀ kọjú sókè, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn láti inú. Ó gùn, ó wúwo, yóò sì padà bá yín lẹ́sẹ̀ bí ẹ kò bá yára. Ní Dùgbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ ti ń fara kan ara, gígùn yẹn ń di ìṣòro mìíràn: ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn mẹ́rin kúrú, a lè ṣí i díẹ̀ kí a sì yọ́ jáde, ṣùgbọ́n ti kúpè ń béèrè àyè bíi ti ẹni tó wọ agbádá.

Nínú gbogbo rẹ̀, bẹ́líìtì ni gbèsè tó hàn sí ojú jù lọ, òun náà ni mo sì fẹ́ràn jù. Nígbà tí kò sí òpó tí wọ́n lè so ó mọ́, ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló wà, lẹ́bàá ẹni tó jókòó sẹ́yìn, débi pé awakọ̀ ì bá máa yí ọrùn àti apá padà kí ó tó rí i fà. Àwọn Jámánì wọ̀nyí kò ní kí awakọ̀ fara dà á. Wọ́n fi apá kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná síbẹ̀. Bí ẹ bá jókòó, tí ẹ pa ilẹ̀kùn dé, tí ẹ sì yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ ohùn tín-ín-rín kan lẹ́yìn èjìká yín, apá náà á sì yọ bẹ́líìtì wá síwájú díẹ̀díẹ̀, á dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó kúnlẹ̀ gbé omi fún àgbà, ìgbà tí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò tó padà sẹ́yìn. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ìgbà mẹ́ta ni mo pa ọkọ̀ tí mo tún yí kọ́kọ́rọ́ kí n lè rí i kó tún ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí a bá fi kún ọkọ̀ jẹ́ ẹ̀rọ tí yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Lára V-boot onílẹ̀kùn mẹ́rin, bẹ́líìtì kàn so mọ́ òpó ni, kò sí wáyà tó lè já. Nínú èyí, ti apá ọ̀tún kò dìde rárá. Nígbà tí mo tú ike tó bò ó, mo rí i pé ríwáyà kan tó bá ẹ̀gbọ́n mi so rédíò ti gé wáyà rẹ̀, ó sì fi téèpù dúdú dì í bí ẹni tó di ọgbẹ́ láìfi oògùn sí i. N kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì yẹ kí n sọ pé kò kan ẹni tó ṣe ọkọ̀. Ohun tó kàn án ni pé ẹwà tó gbára lé ẹ̀rọ kékeré báyìí ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀.

Gbèsè kejì, ẹ̀yìn ni wọ́n ti san án. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ mílímítà 2,800. Ti kúpè jẹ́ 2,715. Gígùn gbogbo ara rẹ̀ náà dín ní mílímítà 85 kan náà, 4,655 dípò 4,740. Ìyẹn ni pé wọn kò fọwọ́ kan imú, wọn kò fọwọ́ kan búùtù. Láti ibi tí orúnkún èrò ẹ̀yìn ń gbé ni wọ́n ti gé gbogbo rẹ̀. Mílímítà 85 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi wọ̀n ọ́n. Ó dà bí ohun kékeré títí ẹ ó fi jókòó síbẹ̀. Kí a má purọ́, ti àwọn mìíràn ju èyí lọ: Peugeot 504 tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná nígbà kan, Pininfarina ní Ítálì ṣe kúpè tirẹ̀ tó lẹ́wà gan-an, ṣùgbọ́n mílímítà 190 ni wọ́n gé kúrò níbẹ̀, láti 2,740 sí 2,550. Kí ló dé tí wọ́n ń gé e? Bí òrùlé bá kúrú tí ọkọ̀ sì gùn, bọ́ǹẹ́ẹ̀tì á dà bí ẹni pé ó ń na ara rẹ̀ síwájú, ojú wa á sì gbà pé ọkọ̀ náà ń sáré bó tilẹ̀ dúró. Ìdí mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè fi fọkàn balẹ̀ sọ, n kò mọ̀ ọ́n.

Ìyá ìyàwó mi ló bá mi dán ìjókòó ẹ̀yìn wò, ní ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú gèlè tó ga tó bẹ́ẹ̀. Mo yí ìjókòó iwájú síwájú fún wọn, wọ́n tẹrí ba, gèlè kan òrùlé, wọ́n yọ orí padà, wọ́n gbìyànjú láti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé, ìró há mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Wọ́n dúró, wọ́n wo ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín: “Àna mi, ọkọ̀ tọkọtaya tuntun lèyí, kì í ṣe ti ìyá ìyàwó.” Iwájú ni wọ́n jókòó sí dé ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó mi ló lọ sẹ́yìn. Ó ní bí a bá ti wọlé tán, ìjókòó náà dára, ó sì gba ẹ̀yìn dáadáa, nítorí ènìyàn méjì péré ni wọ́n gbẹ́ ẹ fún; ìrìn wákàtí kan kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kí n má fi lọ sí Àbújá. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ìyà wíwọlé ibẹ̀ ju ìyà jíjókòó síbẹ̀ lọ, ìyẹn sì fi hàn pé àwọn tó ṣe é ronú nípa èrò ẹ̀yìn lẹ́yìn tí wọ́n ti gba ohun tí wọ́n fẹ́ gbà tán.

Ní ti wíwà á, ọ̀rọ̀ kò gùn. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́ta, sílíńdà mẹ́fà tó tò sórí ìlà kan, agbára ẹṣin rẹ̀ sì tó nǹkan bí 180. Ó ń lọ bí ẹni tí kò kánjú tó sì ń dé ṣáájú. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tí irin márùn-ún di táyà kọ̀ọ̀kan mú, kò yàtọ̀ sí ti onílẹ̀kùn mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà ni wáípà kan ṣoṣo tó ń na ara rẹ̀ dé kọ̀rọ̀ gíláàsì bó ti ń yí, tó fi ń gbá ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún gíláàsì iwájú mọ́. Lórí ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó, ara ọkọ̀ náà kò lọ́, kò dún kẹ̀kẹ̀, ìyẹn sì jẹ́ ìdáhùn fún ọmọ gúgúrú: ìsàlẹ̀ ló gbé òkè dúró. Afẹ́fẹ́ ń súfèé díẹ̀ létí òsì mi bí a bá ti ré kọjá kìlómítà ọgọ́rùn-ún, nítorí gíláàsì tí kò ní férémù kò ní ohun mìíràn tó ń dì í mú ju rọ́bà lọ, rọ́bà ọkọ̀ yìí sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun tó rọrùn ni rọ́bà yẹn, ẹ wo Jaguar. Wọ́n fẹ́ ṣe kúpè tí kò ní òpó àárín láti ara XJ wọn, wọ́n pè é ní XJ-C, wọ́n fi han aráyé ní ọdún 1973, ó sì di 1975 kí àwọn olùrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rí i gbà, nítorí gíláàsì rẹ̀ kò fẹ́ dí mọ́ afẹ́fẹ́. Nígbà tó wá jáde, ike dúdú tó dà bí awọ ni wọ́n fi bo òrùlé gbogbo wọn, àlàyé tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ Jaguar sì máa ń ṣe ni pé òrùlé náà ń mì tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dà orí rẹ̀ ì bá máa sán. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ibi tí irin ti kùnà ni wọ́n ní kí ọ̀ṣọ́ lọ bò. BMW gba ọ̀nà mìíràn lára 850i ní ọdún 1989: bí a bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, gíláàsì á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, bí a bá sì pa á dé, á tún gòkè wọnú rọ́bà kó lè fún un pinpin. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn náà ni, ẹ sì ti mọ ohun tí mo sọ nípa ẹ̀rọ tí a fi kún ọkọ̀.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú gbogbo wọn ni Jaguar XJ-S, nítorí òdìkejì ni tirẹ̀. Malcolm Sayer, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú kó tó dé Jaguar, ló fi ìṣirò afẹ́fẹ́ ṣètò ara rẹ̀. Ó kú ní 1970, ọdún márùn-ún kí ọkọ̀ náà tó jáde. Apá irin méjì tó dà gẹ̀rẹ́ láti òrùlé dé orí búùtù wà níbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè ṣàn dáadáa lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà eré gíga. Onímọ̀ ẹ̀rọ borí, ojú àwọn ènìyàn kọ̀ ọ́: wọ́n ní kò dára bí èyí tó ṣáájú rẹ̀, awakọ̀ tó bá sì fẹ́ fi rìn sẹ́yìn á rí i pé apá méjèèjì ti bo kọ̀rọ̀ tó yẹ kí òun wò. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe ní 1991, wọ́n yí gíláàsì ẹ̀gbẹ́ padà, wọ́n fi apá méjèèjì sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí wọ́n fi ṣíwọ́ rẹ̀ ní 1996. Ojú ti mọ́ ọn lára nígbà náà.

Fún ẹni tó bá ń wá 300 CE rà, ohun tí mo kọ́ nípa òpó tí wọ́n yọ yìí náà ni kó fi yẹ ọkọ̀ wò. Kó má kọ́kọ́ ṣí bọ́ǹẹ́ẹ̀tì. Kó kúnlẹ̀, kó fi iná tọ́ọ̀ṣì wo irin ìsàlẹ̀ ẹnu ilẹ̀kùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ní pàtàkì ibi tí wọ́n ń ti jáàkì sí, nítorí iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń dà sójú títì nígbà òtútù ti jẹ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ wọ̀nyí lábẹ́ ọ̀dà. Ìpẹta díẹ̀ lára V-boot onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ iṣẹ́ páńẹ́ẹ̀lì bítà. Lára èyí, ohun tó gbé òrùlé dúró ló ń jẹ. Lẹ́yìn náà kó gbé gíláàsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè sódò, kó da omi sí òrùlé, kó sì jókòó sínú. Èyíkéyìí tó bá jẹ́ 320, àbúrò 300 CE yìí, tí wọ́n ṣe láàárín 1993 sí 1995, kó yẹ wáyà ẹ́ńjìnì rẹ̀ wò fínnífínní, nítorí ara wáyà ìgbà yẹn máa ń gbẹ, a sì máa já wẹ́wẹ́. Ní Ládípọ̀, ohun tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnì, ti bíréèkì àti ti ẹsẹ̀ kò ní wọ́n án, ti V-boot gbogbogbòò ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ àti rọ́bà kò bá onílẹ̀kùn mẹ́rin mu, ẹni tó bá rí wọn ní ipò tó dára, kó rà á kó tó nílò rẹ̀.

Èmi yóò rà á, bí mo bá ní ọkọ̀ mìíràn tí yóò máa gbé ẹbí. Ó ti rẹ Mercedes fúnra wọn nídìí gbèsè yẹn: nínú CLE onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n gbé jáde ní 2023, òpó àárín ti padà, gíláàsì ẹ̀yìn kì í sì í sọ̀kalẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé, mo sọ ọ̀rọ̀ wáyà tí wọ́n gé fún wọn, mo ní mo mọ ríwáyà kan tó lè tún un so láàárín wákàtí kan. Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà, àwọn fúnra wọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn fún ìyàwó wọn, tí wọ́n ń fa bẹ́líìtì náà lé e lọ́wọ́ kí wọ́n tó pa á dé, ìyàwó sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá tún apá náà ṣe, òun àti onítọ̀hún ni.